Àga Méjì Tàbí Ìjókòó Gbọọrọ

“Ìlà kejì kò tíì péye,” ni ọkọ̀ náà tún wí, ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn ẹni tí kò níbi tó ń lọ. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ àga ọmọ tó wà láàárín wò.”

Fẹhíntọlá fi orúnkún kan lé orí ìjókòó, ó ti ki apá bọ àárín àga ọmọdé méjì dé èjìká, ó ń fi ìka wá ihò tí ìkọ́ bẹ́líìtì ń wọ̀. Òógùn ń ṣàn sí i lójú. Ó rí ihò náà, ó ti ìkọ́ bọ inú rẹ̀, ó gbọ́ tó dún kọ̀. Ó fà á wò, kò yẹ̀.

“Ìlà kejì kò tíì péye,” ni ọkọ̀ wí.

“Kí ló kù níbẹ̀ tí kò péye?”

“Àga tó wà láàárín fara kan àga tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Òfin kò fẹ́ kí àga ọmọ kan fara kan òmíràn.”

“Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ìjókòó gbọọrọ yìí gba ọmọ mẹ́ta.”

“Ó gba ọmọ mẹ́ta,” ni ọkọ̀ dáhùn. “Àga wọn ni kò gbà.”

Fẹhíntọlá yọ apá rẹ̀, ó ń fẹ̀yìn jáde, ó sì fi orí gbá òrùlé ọkọ̀. Kò pariwo. Ó fọwọ́ di ibi tó dùn ún mú, ó wo gàráàjì náà yíká. Ohun tó ń ṣe é ló ń ṣe gbogbo èèyàn. Jíìpù tò lọ bẹẹrẹ lábẹ́ òrùlé páànù gíga tí ìjọba kọ́ sẹ́yìn odi tó ń dá omi dúró ní Ẹ̀pẹ́. Ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ìdílé kan tí omíyalé lé kúrò nílé wà pẹ̀lú ẹrù wọn, tí wọ́n ń bá ọkọ̀ wọn jiyàn. Lókè orí wọn, àwọn apá irin ńlá ń rìn lórí wáyà, wọ́n ń yọ ìjókòó kúrò nínú ọkọ̀ yìí, wọ́n ń gbé òmíràn wọnú tọ̀hún.

“Mo ti sọ ọ́,” ni Màmá wí láti orí ẹrù tó jókòó lé. Ìyá ọkọ Fẹhíntọlá ni. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí orúnkún rẹ̀ ti wú, síwájú. Ó gbé Àyìnkẹ́, ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín, lé itan òsì. “Àwọn àga yẹn ti sanra jù. Ẹ̀yìn ni mo pọn Bánkọ́lé ọkọ rẹ sí nínú gbogbo ọkọ̀ tí mo wọ̀, kò já bọ́.”

“Màmá, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń fi ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí báyìí.”

“Mo ní kò já bọ́.”

Ìbídùn, àkọ́bí, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì lẹ́rán bí àgbàlagbà. “Èmi ò fẹ́ jókòó ti Ṣọ́jí. Ó máa ń buni jẹ.”

“Mi ò buni jẹ mọ́,” ni àbúrò rẹ̀ wí.

“Àná ńkọ́?”

“Àná ti lọ.”

“Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin méjèèjì,” ni Fẹhíntọlá wí. Ó to àpò méjì tó wà nílẹ̀ léra.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówùnmí, òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi sídìí ọkọ̀ wọn, ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìdílé kejì. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó wọ kóótù eléérú, ó sì ti sọ “ẹ fara balẹ̀” títí ọ̀rọ̀ náà kò fi ní ìtumọ̀ mọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Ẹ fara balẹ̀, ìyá,” ó wí. “A lè bá yín wá àga tó tín-ín-rín, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gbà. Ṣùgbọ́n Màmá ńkọ́? Ibo ni wọ́n máa jókòó?”

“Ẹ̀yìn. Ìlà kẹta.”

“Ibo ni wọ́n máa gbà débẹ̀?”

“Wọn á kọ́kọ́ wọlé kí n tó de àwọn ọmọ.”

“Bí omi bá wá wọ ọkọ̀ lójú ọ̀nà, ibo ni wọ́n máa gbà jáde? Àga ọmọ mẹ́ta ló dí wọn mọ́bẹ̀. Ìjókòó gbọọrọ kì í ká bí ọmọ bá wà lórí rẹ̀.”

Fẹhíntọlá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. Ó wo iwájú ọkọ̀ bí ẹni pé àyè kan yóò yọ níbẹ̀. Àyè kankan kò yọ. Àga kan ṣoṣo ló wà níwájú, àga olùdáhùn. Ọkọ̀ ló ń wa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní gbéra láìjẹ́ pé ẹnì kan jókòó síbẹ̀ tí yóò máa dá a lóhùn, tí yóò máa sọ fún un pé kó lọ tàbí kó dúró. Ẹ̀gbẹ́ àga náà ni òfin ní kí wọ́n kó omi mímu sí, àti okùn, àti ọkọ̀ ojú omi onírọ́bà tí wọ́n ká bí ẹní. Fẹhíntọlá ti ṣe ìdánwò olùdáhùn, ó yege. Káàdì rẹ̀ ló so mọ́ ọn lọ́rùn yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún un, ó fi han gbogbo ilé.

“Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú àga méjì,” ó wí.

“Ẹ mọ̀ pé bẹ́ ẹ bá ti yí i padà báyìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tẹ́ ẹ lè yí i? Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ á tì í pa di ọdún tó ń bọ̀.”

“Mo mọ̀. Ẹ yí i.”

Apá irin kan sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí òrùlé ọkọ̀ bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò, ó fa ìjókòó gbọọrọ náà tu, ó gbé e lọ. Òmíràn gbé àga méjì dé, ó fi wọ́n sọ́tùn-ún àti sósì, ó fi ọ̀nà tóóró kan sílẹ̀ láàárín wọn. Ìbídùn gba ọ̀kan, Ṣọ́jí gba èkejì. Wọn kò lè fọwọ́ kan ara wọn, àlàáfíà sì jọba fúngbà díẹ̀. Màmá di Fẹhíntọlá lápá mú, ó gba àárín àga méjèèjì kọjá díẹ̀díẹ̀, ó dé ìlà kẹta, ó jókòó. Wọ́n de àga Àyìnkẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fẹhíntọlá mí kanlẹ̀.

“Ìlà kejì péye,” ni ọkọ̀ wí. “Ìlà kẹta ku ìdánwò ìka.”

“Èwo ni ìdánwò ìka?” Màmá béèrè lọ́wọ́ Fẹhíntọlá. Kò wo ibi tí ohùn náà ti wá.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówùnmí ló ṣàlàyé. Ọmọdé tó bá wà ní ìlà kejì, ilẹ̀kùn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni lè gba ibẹ̀ tú ìkọ́ rẹ̀. Ti ìlà kẹta jìnnà sí i. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá jókòó ti ọmọ níbẹ̀ fi gbọ́dọ̀ lè tú ìkọ́ ọmọ náà kí iná aláwọ̀ ewé tó wà lára rẹ̀ tó di pupa.

Màmá na ọwọ́ sí ìkọ́ náà. Oríkèé ìka rẹ̀ ti wú, ó ti wọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ kò sì lágbára láti tẹ nǹkan wọlé mọ́. Ó tẹ ìkọ́, kò wọlé. Ó fi ọwọ́ kejì ran ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Iná di pupa.

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un ṣe,” ni ọkọ̀ wí.

Ó tún un ṣe. Iná tún di pupa. Màmá fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó tì í bọ abẹ́ ìró, ó ń wo òde láti ojú fèrèsé bíi pé ẹnì kan tó mọ̀ ń kọjá.

“Bí mo bá gbé Ìbídùn sẹ́yìn, tí ọmọ ọwọ́ bọ́ síwájú ńkọ́?” Fẹhíntọlá bi ọkọ̀.

“Ọmọdé ni Ìbídùn lójú òfin. Òun náà nílò ẹni tó yege ìdánwò ìka lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.”

“Èmi ni mò ń fọ aṣọ ara mi,” ni Ìbídùn wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni ọkọ̀ wí. “Ọmọdé ṣì ni ọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà sú Fẹhíntọlá. Ó jáde kúrò nínú ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹrù tó ti tò tẹ́lẹ̀ tò. Ó gbé àpò ìrẹsì kúrò lórí àpótí, ó tún gbé e padà síbẹ̀. Ọ̀nà tó lọ sí ilẹ̀ gíga kò ní ṣí kọjá ìrọ̀lẹ́. Fèrè tí wọ́n fi ń ti ẹnu ọ̀nà yóò dún, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá péye yóò padà sílé rẹ̀ dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Ilé wo ni wọn yóò padà sí? Omi ti gba gbogbo ìsàlẹ̀ ilé wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ṣọ́jí fi agbọ̀n gbọ́n ẹja nínú ilé ìdáná, inú rẹ̀ dùn, òun nìkan sì ni inú rẹ̀ dùn. Bánkọ́lé ti ṣáájú wọn lọ sí Òkè-Ìmẹ̀sí, ó ti rí yàrá méjì gbà, ó ti ń retí wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówùnmí sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ọkọ̀ àgbà tó ń kó àwọn arúgbó ṣì wà níta. Ó ní àyè. Ìtọ́jú wà nínú rẹ̀, nọ́ọ̀sì wà. Bí Màmá bá wọ ìyẹn, a ó tún gbé ìjókòó gbọọrọ padà pẹ̀lú àga tó tín-ín-rín, ẹ̀yin á sì máa lọ báyìí.”

“Ṣé Òkè-Ìmẹ̀sí ló ń lọ?”

“Ibi tí wọ́n bá ti rí ibùsùn ni wọ́n ń gbé wọn lọ. Ó lè jẹ́ Òkè-Ìmẹ̀sí. Ó lè jẹ́ Ṣakí.”

“Ìyá àwọn ará ilé tó kọjú sí tiwa wọ̀ ọ́ lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ṣì ń wá a.”

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówùnmí wo ilẹ̀. Kò sọ pé irọ́ ni.

Fẹhíntọlá dúró pẹ̀lú àpò ìrẹsì lọ́wọ́. Ní ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan, ó rí yàrá méjì Òkè-Ìmẹ̀sí lọ́kàn rẹ̀ láìsí Màmá níbẹ̀: kò sí ẹni tí yóò tọ́ ọbẹ̀ wò kó dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò tún aṣọ tí òun ti ká ká. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà dùn mọ́ ọn. Bó ṣe dùn mọ́ ọn ni ojú tì í.

“Gbé mi wọ ọkọ̀ àgbà,” Màmá pè é láti inú ọkọ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. “Bánkọ́lé á wá mi kàn.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún dá kún un fún mi.”

“Mi ò dá kún nǹkan kan. Àyè ni kò sí.”

“Àyè wà,” ni Fẹhíntọlá fi ìbínú wí, kò sì mọ ibi tí àyè náà wà nígbà tó ń sọ ọ́. Ó wo ọ̀nà tóóró tó wà láàárín àga méjèèjì. Ó wo àga olùdáhùn. Ó fi ọwọ́ kan káàdì ọrùn rẹ̀. Ó ju àpò ìrẹsì sílẹ̀, ó ki orí bọ inú ọkọ̀. “Ìwọ ọkọ̀ yìí, ọmọ ọdún mélòó ni òfin ní kí olùdáhùn jẹ́?”

“Kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún méjìdínlógún.”

“Mélòó ni kò gbọ́dọ̀ jù?”

“Òfin kò sọ ìyẹn.”

“Ó gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò ìka?”

“Rárá. Ohùn nìkan ni mò ń gbà lọ́wọ́ olùdáhùn.”

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówùnmí sún mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. “A ò rí i rí kí àgbà bẹ́ẹ̀ jókòó síbẹ̀,” ó wí.

“Ṣé òfin kọ̀ ọ́?”

“Kò kọ̀ ọ́.”

Gbogbo rẹ̀ dọ́gba, àfi ohun kan, ohun kan náà sì lágbára ju òfin lọ. Màmá kì í bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Lọ́dún tí Bàbá, ọkọ rẹ̀, ṣàìsàn, ẹ̀rọ kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ. Ẹ̀rọ náà bi Màmá ní ìbéèrè, Màmá dáhùn gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ ní kí wọ́n jókòó, yóò kàn wọ́n. Wọ́n jókòó. Bàbá kú lórí àga tó jókòó sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ pe orúkọ rẹ̀, ó ní kó máa bọ̀. Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn ilé lè béèrè ọgọ́rùn-ún ìgbà pé ta ló ń kàn, Màmá yóò dúró síta títí ọmọ kan yóò fi bá a dáhùn.

Fẹhíntọlá wọlé, ó jókòó sí orí ilẹ̀ ọkọ̀, nínú ọ̀nà tóóró náà, ó kọjú sí i.

“Màmá, èmi ni màá jókòó ti Àyìnkẹ́ níbí. Ẹ̀yin lẹ máa lọ síwájú.”

“Láti ṣe kí ni?”

“Láti máa dá ọkọ̀ lóhùn.”

Màmá ń wo Àyìnkẹ́ tó ń jẹ etí bẹ́líìtì rẹ̀. “O mọ ohun tí mo sọ nípa nǹkan wọ̀nyẹn.”

“Mo mọ̀ ọ́n, Màmá. Bí ọ̀nà mìíràn bá wà, mi ò ní sọ ọ́. Mo ti wá a títí. Ó ti rẹ̀ mí.”

“Kò ní gbọ́ mi.”

“Á gbọ́ yín. Bí kò bá gbọ́, ẹ bú u. Ẹ máa ń bú mi, mo sì máa ń gbọ́.”

Ìbídùn bú sẹ́rìn-ín lórí àga rẹ̀, ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ ọwọ́ kúrò lábẹ́ ìró, ó di èjìká Fẹhíntọlá mú, ó gbé ara rẹ̀ dìde.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé iwájú. Nígbà tó jókòó tán, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó gbé ojú sókè. Fẹhíntọlá wà lẹ́yìn pátápátá. Ó ti tú ìkọ́ Àyìnkẹ́ kí iná tó pupa, ó sì ti tún un dè.

“Ẹ kú ìjókòó, Màmá,” ni ọkọ̀ wí. “Ẹ jọ̀wọ́, kí lorúkọ yín?”

Màmá kọjú sí fèrèsé.

“Ẹ jọ̀wọ́, kí lorúkọ yín?”

Fẹhíntọlá fẹ́ bá a dáhùn. Ó mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu, ìdánwò olùdáhùn náà bàjẹ́ nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò aṣọ ìlédìí Àyìnkẹ́ lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀, kékeré lórí ńlá.

“Rábíátù Àṣàbí,” ni Màmá wí.

“Ẹ ṣeun. Ẹ dárúkọ àwọn tó wà lẹ́yìn yín, kẹ́ ẹ sọ ohun tó yẹ kí n mọ̀ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.”

“Ìbídùn. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, inú máa ń ru ú. Bó bá dákẹ́ jù, ó fẹ́ bì nìyẹn. Adéṣọ́jí. Ìkọ́ máa ń bá a jà. Ó sì ń buni jẹ.”

“Mi ò buni jẹ mọ́,” ni Ṣọ́jí wí.

“Àyìnkẹ́. Eyín ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá sunkún, má rò pé ebi ni.” Ó ku ẹnì kan. “Fẹhíntọlá, ìyàwó ọmọ mi. Kò gbọ́dọ̀ jẹ edé, ara rẹ̀ á wú. Kò tíì sun oorun gidi láti ìgbà tí omi ti wọlé. Bí nǹkan bá sú u, kì í sọ, ẹrù ló máa ń tò. Bó bá ti ń to ẹrù, fi í sílẹ̀.”

Ọwọ́ Fẹhíntọlá dúró lórí aṣọ ìlédìí. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo òun.

“Mo ti gbọ́,” ni ọkọ̀ wí. “Ìlà kejì péye. Ìlà kẹta péye. Olùdáhùn péye. Ṣé ká máa lọ?”

Màmá wo Ọ̀gbẹ́ni Ṣówùnmí tó dúró níta pẹ̀lú ẹnu tó là sílẹ̀ díẹ̀. “Jẹ́ kí wọ́n kó ẹrù mi wọlé ná,” ó sọ fún ọkọ̀ náà, bí ẹni ń bá ìbátan kan tó ń kánjú sọ̀rọ̀. “Lẹ́yìn náà, ká máa lọ.”

Wọ́n kọjá ẹnu ọ̀nà kí fèrè tó dún. Ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ wo àga olùdáhùn lẹ́ẹ̀mejì, ó wo káàdì tuntun tó so mọ́ ọrùn Màmá, ó gbé ọ̀pá sókè fún wọn.

Inú Fẹhíntọlá ìbá dùn, bí kì í bá ṣe ìjókòó náà. Ìlà kẹta há. Kò rí ọ̀nà láti ibẹ̀, ẹ̀yìn orí àwọn ọmọ àti gèlè Màmá nìkan ló ń rí. Atẹ́gùn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó ní kí ọkọ̀ mú inú rẹ̀ tutù sí i, ọkọ̀ ní olùdáhùn nìkan ló lè pàṣẹ.

“Màmá, ẹ bá mi sọ fún un.”

“Òtútù ń mú mi,” ni Màmá wí.

Ní ìkọjá Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣọ́jí fẹ́ tọ̀. Màmá ní kí ọkọ̀ dúró, ọkọ̀ ní ó di ibi tí ẹ̀gbẹ́ títì bá gbẹ. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà, òun àti Màmá, fún bíi máìlì méjì. Màmá ló borí. Ṣọ́jí sọ̀ kalẹ̀, ó tọ̀, ó sì jókòó padà pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, tó ń nu ẹrẹ̀ náà mọ́ ẹ̀yìn àga olùdáhùn. Fẹhíntọlá rí i, kò lè dé ibẹ̀. Ó di ojú.

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Igi yí padà, ilẹ̀ pọ́n. Ọmọ ọwọ́ ti sùn.

“Olùdáhùn,” ni ọkọ̀ wí, “ìrìn àjò ti pẹ́ díẹ̀. Ṣé ó ti rẹ̀ yín?”

Fẹhíntọlá mọ èsì tí Màmá yóò fọ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé yìí ló ti ń bi obìnrin náà ní ìbéèrè yẹn, lẹ́yìn òkú Bàbá, lẹ́yìn tí wọ́n kó gbogbo ẹrù gun òkè ilé nígbà tí omi dé. Èsì kan náà ló máa ń gbà: rárá, kí ló fẹ́ rẹ̀ mí.

Màmá fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ tó wú.

“Ó rẹ̀ mí,” ó wí. Ohùn rẹ̀ kéré, ọkọ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, kò rántí pé ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀. “Ó rẹ̀ mí gan-an ni. Ó ti pẹ́.”

“Mo gbọ́,” ni ọkọ̀ wí. “Màá rìn pẹ̀lẹ́.”

Fẹhíntọlá na ọwọ́ láti ẹ̀yìn. Bẹ́líìtì mú un láyà, kò jẹ́ kó tẹ̀ síwájú. Ọwọ́ rẹ̀ gba ọ̀nà tóóró tó wà láàárín àga méjèèjì, ó dé apá àga Ìbídùn, kò lè kọjá ibẹ̀. Ìbídùn wo ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ó wo gèlè ìyá àgbà níwájú. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ kejì síwájú, títí ó fi tẹ́ ẹ lé èjìká Màmá.

Màmá kò yíjú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó gbé ọwọ́ wíwú rẹ̀ sókè, ó gbé e lé ọwọ́ ọmọ náà.

“Olùdáhùn, ọmọ kan ti na ọwọ́ kúrò lórí àga rẹ̀,” ni ọkọ̀ wí. “Ṣé kí n dúró?”

“Má dúró,” ni Màmá wí. “Máa lọ.”